Bí A Ṣe Ń Fi Haidirọ́líìkì Tírákítà Kékeré La Igi

Ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, igi ìdáná ṣì ń tà. Ilé búrẹ́dì, àwọn tó ń yan gàrí, àwọn tó ń se epo pupa, àwọn alásè òde àríyá, gbogbo wọn ló ń ra igi lílà. Ẹni tó bá ti ní tírákítà kékeré, ti horsepower 20 sí 40, ti ní ohun tó wọ́n jù nínú ẹ̀rọ ìlagi lọ́wọ́, ìyẹn ẹ́ńjìnnì àti pọ́ńpù ọ́ìlì. Ohun tó kù ni jáàkì, ìyẹn sílíńdà tí ọ́ìlì ń ti ọ̀pá rẹ̀ jáde, fáàfù, họ́ọ̀sì àti irin tó máa gbé wọn dúró. "Tọ́ọ̀nù mélòó ló lè tẹ̀?" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ tán, ibo ló ń gbà padà? Ibẹ̀ ni fáàfù ti ń bẹ́, ibẹ̀ náà ni ọ́ìlì ti ń gbóná.

Ẹ mọ agbára pọ́ńpù yín

Nǹkan méjì lẹ máa wá nínú ìwé tírákítà: iye lítà tí pọ́ńpù ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan, àti pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tírákítà kékeré ń ti lítà 15 sí 30, pírẹ́ṣọ̀ wọn sì máa ń wà láàárín báà 140 sí 200. Ẹ ṣọ́ra, ìwé mìíràn máa ń ka ọ́ìlì tó ń lọ sí sítíárì mọ́ ọn. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tírákítà nìkan lẹ fẹ́.

Tírákítà tòkunbọ̀ kì í sábà ní ìwé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ so jáàkì tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n ọ́ìlì tó ń gbà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tó fi yọ tán. Ẹ pín lítà náà sí iye ìṣẹ́jú-àáyá yẹn, kẹ́ ẹ wá fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀.

Bó bá jẹ́ Massey Ferguson 135 àtijọ́ lẹ ní, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Pọ́ńpù inú ikùn rẹ̀ kì í ti ọ́ìlì láìdúró, ìgbà tí apá ẹ̀yìn, ìyẹn apá mẹ́ta tó ń gbé irinṣẹ́ lẹ́yìn tírákítà, bá ń bèèrè fún un ló ń tì í, kò sì pọ̀. Pọ́ńpù tó ń lo PTO (ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn tírákítà), tó ní táǹkì tirẹ̀, ni kẹ́ ẹ fi ṣe é.

Jáàkì

Ẹ jẹ́ ká mú jáàkì tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó ń rin sẹ̀ǹtímítà 60, tí ọ̀pá rẹ̀ nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ní báà 170, ìyẹn nǹkan bíi PSI 2,500, yóò tẹ igi ní bíi tọ́ọ̀nù 13 àbọ̀. Lítà 4.7 ló ń gbà kó tó yọ tán. Bí pọ́ńpù bá ń ti lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan, yóò yọ tán ní ìṣẹ́jú-àáyá 14, yóò sì padà ní bíi 11, nítorí pé ọ̀pá ti gba àyè nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ ẹ bá ra èyí tó fẹ̀ ní 12.5, tọ́ọ̀nù á di bíi 21, ṣùgbọ́n yíyọ rẹ̀ nìkan á di ìṣẹ́jú-àáyá 22. Bí pọ́ńpù yín kò bá ti tó lítà 25, ẹ má kọjá 10. Ẹni tó ń lagi tà kò lè máa dúró de jáàkì.

Ohun kan tún wà tí kò hàn sí ojú. Nígbà tí jáàkì bá ń padà, lítà 20 ló ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, ṣùgbọ́n bíi lítà 27 ní ìṣẹ́jú kan ló ń jáde lódìkejì. Nítorí náà, họ́ọ̀sì ìpadà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti ìwọlé lọ: 1/2 íǹṣì fún ìwọlé, 3/4 íǹṣì fún ìpadà. Họ́ọ̀sì ìwọlé àti àwọn méjì tó lọ sí jáàkì gbọ́dọ̀ jẹ́ oníwáyà ìlọ́po méjì. Pírẹ́ṣọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí ara họ́ọ̀sì lẹ máa wò, ẹ má wo bó ṣe nípọn tó. Ẹ má fi kílípù so orí rẹ̀ bíi ti họ́ọ̀sì omi, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ orí họ́ọ̀sì.

Ibi tẹ́ ẹ máa ti gba ọ́ìlì

Ojú ọ́ìlì méjì tó wà lẹ́yìn tírákítà ló rọrùn jù, òun náà ló sì léwu jù bí a kò bá mọ̀ ọ́n lò. Ọwọ́ kan ló ń darí rẹ̀: bẹ́ ẹ bá tì í síwájú, ọ́ìlì á gba ojú kan jáde, bẹ́ ẹ bá fà á sẹ́yìn, á gba ojú kejì. Fáàfù ìlagi kò sì mọ ìyàtọ̀. Ó ní ẹnu ìwọlé tí wọ́n kọ IN sí, àti ẹnu ìjáde tí wọ́n kọ OUT tàbí TANK sí. Relief rẹ̀, ìyẹn fáàfù kékeré tó ń tú ọ́ìlì sílẹ̀ nígbà tí pírẹ́ṣọ̀ bá pọ̀ jù, ẹnu ìwọlé nìkan ló ń ṣọ́. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá wá ti ọwọ́ náà sí òdì, ọ́ìlì á wọ inú fáàfù láti ẹ̀yìn, níbi tí wọn kò ṣe fún pírẹ́ṣọ̀ gíga. Síìlì á fò jáde, tàbí kí irin fáàfù fúnra rẹ̀ là.

Àwọn kan máa ń fi ọ̀dà pupa àti búlúù sàmì sí họ́ọ̀sì. Ó dáa, ṣùgbọ́n kò tó. Èyí tó dájú ni kí họ́ọ̀sì OUT má padà sí ojú ọ́ìlì kejì rárá, kó lọ tààrà sí táǹkì ọ́ìlì tírákítà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ti ọwọ́ sí òdì, tírákítà á kàn ké ni, nǹkan kan kò ní bàjẹ́. Ẹ wá ẹnu tí ìwé tírákítà yà sọ́tọ̀ fún ọ́ìlì ìpadà. Kó jẹ́ èyí tó tú u sí abẹ́ ọ́ìlì, má jẹ̀ẹ́ kó máa dà á láti òkè, torí ìdàsílẹ̀ yẹn ló ń mú un hó. Ẹ má fi táàpù tàbí ohunkóhun tó lè tì sí ojú ọ̀nà náà. Quick coupler, ìyẹn ìdè tí a kàn ń tẹ̀ wọlé, tí kò bá wọlé dáadáa, títì ló tì, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀tì tí a fi sípánà dè ló yẹ fún ìpadà.

Power beyond, ìyẹn ojú tó ń gbé ọ́ìlì pọ́ńpù jáde fún ẹ̀rọ mìíràn láìgba ọwọ́ ẹ̀yìn, dára ju ojú ẹ̀yìn lọ bí tírákítà bá ní in, nítorí kò sí ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni lè tì sí òdì. Ṣùgbọ́n họ́ọ̀sì mẹ́ta ló gbà: èyí tó wọlé, èyí tó ń gbé ọ́ìlì lọ fún apá ẹ̀yìn, àti èyí tó lọ sí táǹkì. Fáàfù ìlagi gbọ́dọ̀ ní ẹnu power beyond tirẹ̀. Ẹ má fi ẹnu OUT lásán bọ́ apá ẹ̀yìn: bí apá bá gbé ẹrù, pírẹ́ṣọ̀ yẹn á padà sórí OUT, wàhálà tá a sọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.

Ẹ lè gba ọ́ìlì lára lódà iwájú náà, níbi họ́ọ̀sì tó ń yí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ewu ìtìsódì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Gbogbo èyí, tírákítà open center là ń sọ, tí ọ́ìlì rẹ̀ ń yí ká nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ tírákítà kékeré nìyẹn. Bí tiyín bá jẹ́ closed center, fáàfù tirẹ̀ yàtọ̀.

Irin àti fáàfù

Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè fi H-beam ṣe ara ẹ̀rọ náà, kó fi píìnì so ó mọ́ apá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn tírákítà. Ẹ wo ìwúwo tí apá náà lè gbé kẹ́ ẹ tó ra irin. Kí àyè sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 kù láàárín abẹ tó wà lórí ọ̀pá jáàkì àti irin ìdákọ tí igi fẹ̀yìn tì nígbà tí jáàkì bá yọ tán, kí irin má máa gbá irin. Tó bá di iṣẹ́, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ kó jókòó sílẹ̀.

Ẹ ra fáàfù tí wọ́n ṣe fún ìlagi gan-an: èyí tó máa dúró fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń padà, tó sì máa dá ara rẹ̀ dúró tí jáàkì bá padà tán. Ní ti lílọ síwájú, ọwọ́ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ máa dì í mú. Ẹ má fi rọ́bà so ó láéláé.

Ìsopọ̀ àti àkọ́kọ́ yíyọ

1. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sọ apá ẹ̀yìn kalẹ̀, kẹ́ ẹ ti àwọn ọwọ́ síwá-sẹ́yìn kí pírẹ́ṣọ̀ inú họ́ọ̀sì lè lọ. Họ́ọ̀sì tó ti sùn sínú oòrùn máa ń kọ̀ láti wọlé, nítorí ọ́ìlì inú rẹ̀ ti wú.
2. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu gbogbo ẹnu. Ẹ má fi téépù funfun ti àwọn oníṣẹ́ omi wé ìdè rẹ̀: ìjákù rẹ̀ á wọ inú fáàfù, fáàfù á há.
3. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá so ó tán, ẹ fa họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ rí i pé kò yọ.
4. Ẹ tan tírákítà ní ohùn kékeré. Ẹ jẹ́ kí jáàkì lọ kó sì bọ̀ ní ìgbà 5 tàbí 6 láìsí igi, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde.
5. Ẹ dá jáàkì padà pátápátá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ wo géèjì ọ́ìlì. Jáàkì àti họ́ọ̀sì ti gbà lára rẹ̀, ẹ fi kún un. Bẹ́ ẹ bá wò ó nígbà tí jáàkì ṣì yọ, ẹ ó rọ ọ́ kọjá.
6. Ẹ so géèjì pírẹ́ṣọ̀ sí ẹnu IN, kẹ́ ẹ dín relief fáàfù ìlagi kù títí yóò fi fi bíi báà 10 rẹlẹ̀ sí ti tírákítà.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì fúnra rẹ̀: lára ọ̀pọ̀ tírákítà kékeré, ọ́ìlì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú gíà, nínú bíréèkì àti nínú haidirọ́líìkì. Ọ́ìlì haidirọ́líìkì 68 tó wà lọ́jà dára fún táǹkì tó dá dúró, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá dà á sínú irú tírákítà bẹ́ẹ̀, bíréèkì á máa ké. Irú tí ìwé tírákítà dárúkọ ni kẹ́ ẹ rà. Fún ìdí kan náà, ẹ̀rọ ìlagi tí wọ́n yá yín láti oko ẹlòmíràn ń gbé ìdọ̀tí ọ́ìlì ibẹ̀ wá sínú gíà tiyín.

Lílà

Tírákítà á dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, bíréèkì ọwọ́ á wà lókè, PTO á wà ní pípa, àfi bó bá jẹ́ pọ́ńpù PTO lẹ ń lò. RPM 1,800 sí 2,000 tó. Ẹni kan ṣoṣo ni kó máa gbé igi sí i, òun náà ni kó máa di ọwọ́ fáàfù mú. Ibi tí ẹni kan ti ń gbé igi tí ẹlòmíràn ń ti ọwọ́, ibẹ̀ ni ìka ti ń gé.

Kí ojú méjèèjì igi gún régé. Tíìkì àti gmẹ̀línà kì í fa wàhálà. Igi kòkó wọ́, ẹ gé e sí sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40. Iṣan ìrókò lọ́ mọ́ra wọn, ẹ la etí rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ gba àárín. Nígbà míì òkúta máa ń wà nínú rẹ̀ tó ń ba eyín ṣéènsọ̀ jẹ́. Ẹ fi ọ̀pẹ sílẹ̀, kì í là, títẹ̀ ló ń tẹ̀ rẹ́gẹrẹ̀gẹ. Bí igi bá kọ̀ tí ẹ́ńjìnnì sì yí ohùn padà, ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2, kẹ́ ẹ yí igi padà. Ọ́ìlì ń gba relief jáde nígbà yẹn, lítà 20 ní báà 170 sì jẹ́ bíi wáàtì 5,600 tó ń di ooru nínú rẹ̀, bí ẹni ri áyọ́ọ̀nù márùn-ún bọ inú táǹkì.

Bó bá ń ṣe yín ní wàhálà

Bí táǹkì bá gbóná débi pé ẹ kò lè gbé ọwọ́ lé e, ẹ dúró. Relief tó ń tú nígbà gbogbo, tàbí họ́ọ̀sì ìpadà tó tẹ́ẹ́rẹ́, ló sábà ń fà á. Ẹ so géèjì sí ẹnu OUT: bó bá ju báà 10 lọ nígbà tí jáàkì ń padà, ọ̀nà ìpadà há.

Bí jáàkì bá ń ta gìrìgìrì tàbí ọ́ìlì bá ń hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́: ọ́ìlì kò tó, tàbí họ́ọ̀sì tó ń fà á ní ihò. Bó bá ń yára láìsí igi ṣùgbọ́n tí kò lágbára, ẹ wo relief ṣáájú, kẹ́ ẹ tó wo síìlì inú jáàkì. Bó bá lọ́ra nígbà gbogbo, quick coupler tàbí fílítà tó dí ni.

Ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tí họ́ọ̀sì ti ń jò. Ọ́ìlì tó ń gba ihò abẹ́rẹ́ jáde lè gún awọ ara wọlé, páálí ni kẹ́ ẹ fi wá a. Bó bá gún ẹnikẹ́ni, kódà bí kò bá dùn ún, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, Wesley Guild n'Iléṣà tàbí OAUTHC n'Ifẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì oní-pírẹ́ṣọ̀ ni. Iṣẹ́ abẹ ló máa ń gbà, wákàtí díẹ̀ ló sì ń pinnu bóyá ọwọ́ náà á ṣeé gbà là.

Ẹ pààrọ̀ fílítà lẹ́yìn wákàtí 10 àkọ́kọ́, torí irin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ máa ń kù sínú jáàkì àti họ́ọ̀sì tuntun. Bẹ́ ẹ bá ń gbé e pamọ́, ẹ dá ọ̀pá jáàkì padà sínú, kẹ́ ẹ dé gbogbo ẹnu họ́ọ̀sì. Ọ̀pá tó yọ síta lójò á dípẹtà, ìpẹtà yẹn á sì ya síìlì nígbà tó bá tún padà wọlé.