Ìwé Àmì Ayò Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá: Kíkọ Ìtàn Ikọ̀ Básíkẹ́ẹ̀tì Obìnrin Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga l'Abẹ́òkúta

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ìyẹn básíkẹ́ẹ̀tì, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìdí ife-ẹ̀yẹ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ife ò lẹ́nu. Ọdún tí wọ́n borí nìkan ló máa ń wà lára rẹ̀. Kò sọ ẹni tó ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, kò sì mẹ́nu ba gbogbo ọdún tí wọ́n lọ tí wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Ìwé àmì ayò tí akọ̀wé ìdí tábìlì ń kọ bí eré ṣe ń lọ ló mọ gbogbo rẹ̀. Òun ni kí ẹ wá, ì báà jẹ́ FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀) ní Alabata ni tiyín, MAPOLY (pólì Moshood Abíọ́lá) l'Òjèrè, tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ l'Òṣíẹ̀lẹ̀.

Ọ́fíìsì eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà dání, kí ẹ má sì bèèrè "ìtàn ikọ̀" lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá níbẹ̀, torí yóò ní kò sí. Fáìlì ìrìnàjò ni kí ẹ bèèrè, àti fáìlì owó oúnjẹ àwọn eléré. Fáìlì owó kì í tètè dàwátì, ẹ̀rù àwọn tó ń yẹ ìwé ìṣirò wò kò jẹ́ kí wọ́n dà á nù. Orúkọ gbogbo ẹni tó gbowó máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé rẹ̀, títí kan ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn kóòṣì tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé tó yẹ kó wà l'ọ́fíìsì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ló wà.

Bí ìwé àmì ayò bá jẹ́ irú tí FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, ń lò, ẹ̀dà mẹ́rin ló ní. Funfun àti búlúù jẹ́ ti àwọn tó ṣètò ìdíje, píǹkì jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó borí, yẹ́lò jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi. Nínú fáìlì tiyín, píǹkì àti yẹ́lò ló yẹ kí ẹ bá. Bí ó bá jẹ́ píǹkì nìkan ló kún ibẹ̀, ẹ má tíì kéde pé ẹnikẹ́ni ò nà wọ́n rí: ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti da yẹ́lò nù. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń lo fọ́tòkọ́pì ò sì ní àwọ̀ kankan tí ẹ lè fi mọ̀.

Bí a ṣe ń kà á nìyí. Ìlà ìdábùú lórí nọ́ńbà àmì ayò túmọ̀ sí bọ́ọ̀lù tó wọlé nínú eré. Tóótòòtó tí wọ́n fi bírò kùn dí jẹ́ àmì kan tí wọ́n rí gbà lẹ́yìn fáọ̀lù. Bí wọ́n bá sì fa òbìrìkìtì yí nọ́ńbà eléré ká, àmì mẹ́ta ló jù. Lóde òní, bírò pupa ni wọ́n fi ń kọ kọ́tà kìíní àti ìkẹta, búlúù tàbí dúdú ni fún ìkejì àti ìkẹrin. Ẹ ka àmì eléré kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí ẹ fi wé àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Wọn kì í sábà bára mu, torí akọ̀wé ìdí tábìlì a máa wo eré gbàgbé ara rẹ̀. Ẹ má dá a tún ṣe ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ gbára lé.

Òfin eré náà yí padà, ẹni tí kò bá sì mọ ìgbà tó yí yóò ṣi ìwé kà. Kí ó tó di 1984, kò sí àmì mẹ́ta nínú òfin FIBA rárá. Títí di ọdún 2000, ìdajì méjì oníṣẹ́jú 20 ni wọ́n ń gbá. Láti ìgbà náà ló ti di kọ́tà mẹ́rin oníṣẹ́jú 10. Ní 2010, wọ́n sún ìlà àmì mẹ́ta láti mítà 6.25 sí 6.75. Bí ẹ bá wá rí eléré tó ju àmì mẹ́ta mẹ́fà ní 1998, ẹ má fi wé ti ọmọ ìsinsìnyí láìṣe àlàyé, pàápàá níbi tí kò dájú pé wọ́n tún ìlà orí kọ́ọ̀tù kùn lásìkò.

Èyí tó ń tan ènìyàn jù ni 20–0. Kò sí ẹni tó gbá irú eré bẹ́ẹ̀: àmì tí FIBA ń fún ẹgbẹ́ tí alátakò rẹ̀ kò wá tàbí tó kọ̀ láti gbá ni. Ó lè jẹ́ pé bọ́ọ̀sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà ni. Bákan náà ni 2–0: ẹgbẹ́ kan kò ní ènìyàn tó pé méjì mọ́ lórí kọ́ọ̀tù, nígbà tí alátakò rẹ̀ kọ́ ló ń ṣíwájú. Ẹ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ pé "wọ́n fi ìyà jẹ wọ́n."

Ọjọ́ ló kàn. Sáà ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọdún, orúkọ ìdíje náà kì í sì í ṣe ọdún. Gateway Games 2024, ìyẹn ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè tí Abẹ́òkúta gbàlejò rẹ̀, oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n ṣe é. Gateway Games mìíràn sì ti wáyé ní 2006, nítorí náà bí ẹnì kan bá ní òun wà níbẹ̀, ẹ bi í pé èwo. Ẹ má sì rò pé ọdún ìyanṣẹ́lódì jẹ́ ọdún òfo: ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, oṣù kẹta ọdún náà sì ni NUGA wáyé ní Yunifásítì Èkó. Yunifásítì ló ni NUGA, NIPOGA jẹ́ ti àwọn pólì, NICEGA jẹ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Ẹni tó bá ní pólì yín gba góòlù ní NUGA ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ láti ìpìlẹ̀.

Níbi orúkọ ni ìtàn ikọ̀ obìnrin ti máa ń já. Ọmọkùnrin tó gbá bọ́ọ̀lù ní 1992 ṣì ń jẹ́ orúkọ yẹn. Obìnrin ti lọ́kọ, ó ti yí orúkọ bàbá padà, ó lè ti fi so pọ̀ mọ́ ti ọkọ, àdúgbò sì ń pè é ní Ìyá Báyọ̀. Lórí kọ́ọ̀tù, ìnagijẹ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ẹ la ìwé kan sí òpó mẹ́fà: orúkọ tó wà nínú ìwé àmì ayò, orúkọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìnagijẹ, nọ́ńbà jẹ́sì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ọdún tó wọlé àti èyí tó jáde. Ẹ má ṣe da ẹni méjì pọ̀ títí ohun méjì nínú mẹ́fà yóò fi bára mu. Nọ́ńbà nìkan kò tó. Títí di nǹkan bí 2014, nọ́ńbà 4 sí 15 ni wọ́n ń wọ̀ nínú ìdíje FIBA, torí ìka ni réfirì fi ń júwe 1, 2 àti 3. Eléré mẹ́wàá lè ti wọ 7 láàárín ogún ọdún.

Bí ẹ bá lọ bá àwọn ìyá wọ̀nyí, ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kí ẹ mú fọ́tò dání. Ẹ má bèèrè pé "Mà, ṣé ẹ rántí eré àṣekágbá?" Bẹ́ẹ̀ ni ni wọn óò sọ, ibẹ̀ ni yóò sì parí sí. Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n sùn, ẹni tó se oúnjẹ, ẹni tó yá wọn ní bàtà. Láti ibẹ̀ ni eré yóò ti jáde wá fúnra rẹ̀. Ẹ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, nítorí bí méjì bá jókòó pọ̀, ti ẹni tó lóhùn jù ni yóò dúró. Ẹ gbé fóònù tí ẹ fi ń gba ohùn sílẹ̀ sún mọ́ wọn, kí ó jìnnà sí fáànù àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó tẹ orúkọ ọkọ tàbí àwòrán ilé ẹnikẹ́ni jáde.

Fọ́tò tí kò ní ọjọ́, ẹ wo àyà jẹ́sì. OGUNPOLY ni MAPOLY ń jẹ́ kí wọ́n tó fi orúkọ Abíọ́lá pe ilé-ẹ̀kọ́ náà. UNAAB ni FUNAAB ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sì lè ṣáájú 1988. Àmọ́ ọdún tí fọ́tò náà kò lè ṣáájú nìkan ni èyí fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀: ikọ̀ tí kò lówó lè wọ jẹ́sì àtijọ́ fún ọdún púpọ̀.

Ẹ yọ pín-ìn-nì tó ti dípẹtà. Ẹ má ṣe fi ìwé àtijọ́ sí láminéṣọ̀n, kò ṣeé yọ mọ́. Ẹ má kó fọ́tò sínú náílọ́ọ̀nù, torí lásìkò òjò ọ̀rinrin yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àpò ìwé ni kí ẹ lò, kí páálí náà wà lórí pẹpẹ, kí ikán má bàa rí i láti ilẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ̀wé sẹ́yìn fọ́tò. Ẹ ya ẹ̀dà ìwé sórí kọ̀ǹpútà ní 300 dpi, fọ́tò ní 600, kí ẹ fi ọdún, oṣù àti ọjọ́ ṣáájú orúkọ fáìlì, kí wọ́n lè tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀dà mẹ́ta, ibi méjì ó kéré tán.

Nípa ìtàn eré náà fúnra rẹ̀, ìpínrọ̀ kan tó. James Naismith dá a sílẹ̀ ní Springfield ní 1891, Senda Berenson gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Smith College ní 1892. D'Tigress, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà, gba ife Áfíríkà ní 2003 àti 2005, wọ́n sì gbà á léraléra láti 2017 dé 2025. Ní Paris 2024, àwọn ni ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà àkọ́kọ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó dé ìpele ẹlẹ́ni-mẹ́jọ ní Òlíḿpíìkì. Ìwé tó bá bẹ̀rẹ̀ ní Springfield tí kò dé Alabata títí ojú ewé ogún, ẹni tí ẹ kọ ọ́ fún yóò ti sùn.

Ojú ewé kan fún sáà kan: orúkọ, nọ́ńbà, kóòṣì, eré kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì rẹ̀, ibi tí a ti rí i. Sáà tí ẹ ò rí nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹ fi ojú ewé rẹ̀ sílẹ̀ lófo pẹ̀lú ọdún lórí rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ fi ẹ̀dà kan sí láíbìrì ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan sí ọ́fíìsì eré ìdárayá, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù ẹgbẹ́ sẹ́yìn ìwé. Ẹni tó mọ nọ́ńbà 9 inú fọ́tò yẹn lè máa tajà ní Kútọ̀.