Ráútà méjì nínú ilé kan, àti àwọn àṣìṣe mìíràn tó ń ba Wi-Fi ilé jẹ́

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń falẹ̀ nílé, ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún wa la máa ń kọ́kọ́ bú. Wọ́n jẹ̀bi nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti pè mí sí n'Íbàdàn, abẹ́ òrùlé onílé gan-an ni mo ti ń bá ìṣòro náà.

Ibi tí wọ́n gbé ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi káàkiri ilé, sí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ má fi í pamọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ má tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ torí pé ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré onírin la fi ń kọ́lé níbí, ògiri kọ̀ọ̀kan tí Wi-Fi bá sì là kọjá ló ń dín agbára rẹ̀ kù. Irin àti jígí ńlá máa ń dá a padà. Omi inú táǹkì máa ń fà á mu. Àárín ilé, níbi gíga, ló yẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ èyí tó ní ìgbì Wi-Fi méjì, 2.4 GHz àti 5 GHz, ẹ fi 5 GHz sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó wà nítòsí: ó yára, ṣùgbọ́n ògiri tètè máa ń dá a dúró. 2.4 GHz ni kí ẹ lò ní yàrá ẹ̀yìn. Níbi tí ayálégbé bá sì pọ̀ sí, ẹ mú channel (ojú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà) 1, 6 tàbí 11 lórí 2.4 GHz. Àwọn kan máa ń yan 3 torí pé kò sẹ́ni tó ń lò ó, láìmọ̀ pé 3 ń forí gbárí pẹ̀lú 1 àti 6 lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ráútà kejì. Olùkọ́ kan ra ọ̀kan sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn, ni laptop ìsàlẹ̀ kò bá rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà mọ́. Ó ti ń múra àtira òmíràn kó tó pè mí. Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Ráútà ló ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ẹ̀rọ inú ilé, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní DHCP. Nígbà tí méjèèjì ń pín tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ilé kan ti di agboolé méjì tí odi wà láàárín wọn. Bí àdírẹ́sì ráútà àkọ́kọ́ bá jẹ́ 192.168.1.1, ẹ fún èkejì ní 192.168.1.2, ẹ pa DHCP rẹ̀, kí ẹ wá ki wáyà tó ti ìsàlẹ̀ wá bọ ihò LAN rẹ̀ (ti ẹ̀rọ inú ilé), kì í ṣe WAN (ti íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ìta wá). Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n kọ Cat5e tàbí Cat6 sí lára, tó jẹ́ bàbà pọ́ńbélé ni kí ẹ rà, kó má sì gùn ju mítà 100 lọ.

Tí ṣájà ráútà bá bàjẹ́, ẹ má yọ ti ẹ̀rọ mìíràn fi sí i torí pé ẹnu rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ti 12V lè jó ráútà tó ń lo 9V. Wọ́n kọ iye tó ń lò sí abẹ́ ráútà náà.

Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé "admin" tó bá ráútà wá láti ilé-iṣẹ́, ẹ yí i padà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní Wi-Fi. Irú ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé bẹ́ẹ̀ ni Mirai, kòkòrò orí kọ̀ǹpútà kan, fi wọ inú ráútà àti kámẹ́rà àwọn èèyàn káàkiri ayé lọ́dún 2016. Níbi ètò ààbò Wi-Fi, WPA2 tàbí WPA3 ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì pa WPS, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọlé láìtẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé.

Ti dátà ló kù. Windows lè fa gígábáìtì mélòó kan wálé lóru láìbi yín. Bí ẹ bá ń ra dátà oníwọ̀n, ẹ wọ ibi ètò Wi-Fi lórí laptop kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tan "Metered connection", kó lè mọ̀ pé dátà yín níwọ̀n.