Bí Agbẹjọ́rò Òṣogbo Ṣe Lè Di Adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga, Títí Dé Ìfẹ̀yìntì

Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òṣogbo, tí ẹ sì ní i lọ́kàn láti di adájọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí àyè bá ṣí sílẹ̀ kí ẹ tó máa múra. Ìwé òfin ọdún 1999 ní ẹni náà gbọ́dọ̀ ti ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò fún ọdún 10, ó kéré tán, ohun tí ó sì fi ọdún wọ̀nyẹn ṣe ni wọn yóò yẹ̀ wò fínnífínní.

Ọ̀rọ̀ ti ilé ìwé kò gùn. Ẹni tí ó bá ti girama wọlé yóò lo ọdún 5 ní yunifásítì, bóyá ní OAU Ilé-Ifẹ̀ tàbí ní UNIOSUN tí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin rẹ̀ wà ní Ifẹ̀tẹ̀dó, lẹ́yìn náà ni yóò lọ sí Law School, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń múra ẹni sílẹ̀ fún iṣẹ́ agbẹjọ́rò.

Láti ibẹ̀, àwọn kan á wọ iṣẹ́ májísíréètì, àwọn kan á di agbẹjọ́rò ìjọba, àwọn yòókù á sì máa dá ṣiṣẹ́ tiwọn. Lójú tèmi, iṣẹ́ májísíréètì ni ó ń kọ́ni jù lọ, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ẹni náà ń gbọ́ tẹnu ẹni méjì kí ó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdájọ́. Ẹni tí ó bá ń dá ṣiṣẹ́ kò pàdánù, àmọ́ kí ó máa gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ lu òǹtẹ̀ lórí ẹjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ rò dópin, kí ó sì tọ́jú wọn, nítorí wọn yóò béèrè fún wọn. Owó oníbàárà tí ó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ìwé ẹ̀sùn kan ṣoṣo lè dí ọ̀nà náà pa.

Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ ni yóò fi orúkọ ránṣẹ́ sí NJC, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ní Nàìjíríà, ní Àbújá. NJC yóò dámọ̀ràn ẹni tí ó yẹ fún gómìnà, gómìnà yóò sì yàn án. Ti Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ nìkan ni ó tún gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Tí ẹ bá ti dé orí àga, ẹ rántí pé òfin fún yín ní 90 ọjọ́ péré láti ka ìdájọ́ lẹ́yìn tí àwọn agbẹjọ́rò bá ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn.

Láti ọdún 2023 ni ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ti kúrò ní 65, tí ó di 70. Òfin kò sì gba adájọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì láyè láti tún rojọ́ fún ẹnikẹ́ni níwájú ilé ẹjọ́ kankan ní Nàìjíríà, nítorí náà, ẹ ti kọ́ iṣẹ́ ìlàjà láàárín oníṣòwò kí ọjọ́ náà tó dé. Adájọ́ Kayode Eso, ọmọ Iléṣà, fi ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sílẹ̀ ní ọdún 1990, síbẹ̀ òun ni ìjọba fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó yẹ iṣẹ́ àwọn adájọ́ wò ní ọdún 1993.

Ní ọdún tó kẹ́yìn lórí àga, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba ẹjọ́ tuntun tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ pọ̀. Ẹjọ́ tí ẹ kò bá parí kí ẹ tó lọ, ọ̀dọ̀ adájọ́ mìíràn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, tí olùpẹ̀jọ́ yóò tún máa wá ẹlẹ́rìí tí ó ti kú tàbí tí ó ti kó kúrò ní ìlú.