Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ibùdó Òfurufú ISS Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ má kánjú ra awò awọ̀nàjíjìn. Ibùdó òfurufú àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISS gùn tó pápá bọ́ọ̀lù, nǹkan bí 400 kìlómítà ló sì fi ga sókè, ojú lásán tó o. Àìmọ àkókò ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú.

Oòrùn ló ń tàn sí ISS lára tí a fi ń rí i. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣú níbi tí a wà, kí oòrùn ṣì máa kàn án lókè lọ́hùn-ún. Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, oòrùn kì í pẹ́ wọ̀ tán, nítorí náà àyè tó wà kò pọ̀: láti bí ìṣẹ́jú 25 lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ títí di nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀. Bákan náà ló rí ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ. Lóòótọ́ ó ń yí ayé po ní nǹkan bí ìgbà 16 lójúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde ní agogo mọ́kànlá alẹ́ á kàn máa ka ìràwọ̀ ni. Ó sì lè hàn lálẹ́ bíi mẹ́rin léra, kó wá dàwátì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sí ohun tó bàjẹ́.

Kí ẹ lè mọ àkókò tó máa kọjá, ẹ lọ sí Heavens-Above lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí Spot the Station ti NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà. Ẹ fúnra yín tẹ ibi tí ẹ wà sí i: 8.13 Àríwá, 4.25 Ìlà-oòrùn fún Ògbómọ̀ṣọ́, 7.85 àti 3.93 fún Ọ̀yọ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì, Èkó ló sábà máa ń gbé yín sí, gíga tó máa sọ fún yín á sì yàtọ̀. Bó bá jẹ́ àkókò UTC (àkókò àjùmọ̀lò àgbáyé) ló kọ, ẹ fi wákàtí kan kún un. Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wò ó gan-an ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè máa ń fa ibùdó náà wálẹ̀, wọ́n á sì tún tì í sókè, bẹ́ẹ̀ ni àkókò tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá á ti yẹ̀.

Ìkọjá tí kò bá ga tó dígíríì 40 sókè láti ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé, ẹ fò ó. Ẹ na apá tán, ẹ di ìkúùkù: ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí dígíríì 10. Tó bá wà ní dígíríì 10 péré, ó jìnnà sí yín tó nǹkan bí 1,450 kìlómítà.

Láti apá Ìwọ̀-oòrùn ló ti ń bọ̀, yálà láti Gúúsù-Ìwọ̀-oòrùn tàbí Àríwá-Ìwọ̀-oòrùn. Kọ́ńpáàsì fóònù máa ń purọ́ nítòsí ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ wo ibi tí mọ́sálásí àdúgbò kọjú sí. Kíbúlà ní Ògbómọ̀ṣọ́ wà láàárín Àríwá-Ìlà-oòrùn àti Ìlà-oòrùn gangan, nítorí náà bí ẹ bá kẹ̀yìn sí i, apá Ìwọ̀-oòrùn lẹ kọjú sí.

Iná àdúgbò Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè pa á, torí ó lè dán tó àgùàlà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti igi máńgòrò ló ń bò ó. Bó bá ń ṣẹ́jú tàbí tó ní iná pupa, ọkọ̀ òfurufú ni. ISS kì í dún, kì í ṣẹ́jú, kì í sì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Bó bá pòórá láàárín ọ̀run, inú òjìji ayé ló wọ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń gbé èyí tó wà nísàlẹ̀ mì, ẹ dúró de èyí tó bá kọjá dígíríì 60.

Fún fọ́tò, ẹ gbé fóònù lé ohun tí kò ní mì: ISO 200, shutter ìṣẹ́jú-àáyá 10, táímà ìṣẹ́jú-àáyá 2, torí ìka tó tẹ̀ ẹ́ ló ń mú un mì. Ìlà funfun ló máa jáde.

NASA ti ṣètò láti máa lo ISS títí di 2030, kí wọ́n tó rì í sínú Òkun Pàsífíìkì. Ní 2024 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ̀ tí yóò fà á wálẹ̀ fún SpaceX. Torí náà, ẹ ti fi Tiangong, ibùdó òfurufú ti Ṣáínà, kún ohun tí ẹ ń wò báyìí. Apá rẹ̀ àkọ́kọ́ gbéra ní April 2021, ó ń gba òkè wa kọjá, ọ̀nà kan náà sì ni wọ́n ń gbà wá àkókò rẹ̀ lórí Heavens-Above. Ó kéré sí ISS, kì í dán tó o, ẹ kúkú yan èyí tó bá ga ju dígíríì 50 lọ.