Bí Mo Ṣe Kọ́ 504 Bàbá Mi ní Ìwọ̀n 1/24

Ọdún 18 gbáko ni bàbá mi fi wa Peugeot 504 láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ń gba Pobè àti Sakété kọjá lójoojúmọ́, kí wọ́n tó tà á fún ẹlòmíràn. A kò ní fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo nílé. Nígbà tí mo ti fi ọwọ́ kọ́ àwòṣe ọkọ̀ kékeré mẹ́rin tí ọwọ́ mi sì ti mọ́ iṣẹ́ náà díẹ̀, mo pinnu pé ọkọ̀ bàbá mi ni ìkarùn-ún yóò jẹ́, ní ìwọ̀n 1/24, ìyẹn ni pé gbogbo sẹ̀ǹtímítà 24 lára ọkọ̀ gidi yóò di sẹ̀ǹtímítà 1 lára tèmi.

Ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ ni mo ti rí 504 onírin kan tí ó wà ní ìwọ̀n yìí gan-an. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oníbùútù ni, ti bàbá mi sì jẹ́ oníjókòó ìlà mẹ́ta tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní fámíyáàlì. Àwọn méjèèjì fi ojú jọra láti iwájú, ṣùgbọ́n oníbùútù gùn ní mítà 4.49, fámíyáàlì sì gùn ní mítà 4.80. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, ti oníbùútù jẹ́ mítà 2.74, ti fámíyáàlì sì jẹ́ mítà 2.90. Bí a bá pín ìyàtọ̀ wọ̀nyí sí ọ̀nà 24, nǹkan bíi mílímítà 7 ni ó yẹ kí n fi kún ara ọkọ̀ kékeré náà níwájú táyà ẹ̀yìn, àti mílímítà 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kàn fi òrùlé bo bùútù láì fa ara ọkọ̀ náà gùn yóò rí i pé ojú awakọ̀ àtijọ́ kò ní gbà á.

N kò fẹ́ gbára lé àwòrán inú fóònù. Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé 504 jáde ní ọdún 1968, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná ní Nàìjíríà ní ọdún 1975, nítorí náà kò ṣòro fún àwa tí a wà lẹ́bàá ibodè láti rí òkú rẹ̀ níbi tí koríko ti bò ó. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé mẹkáníìkì kan ní àdúgbò wa ní Kétu, fámíyáàlì ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì pé. Mo kí ọ̀gá náà, mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún wọn, wọ́n sì ní kí n máa wọlé. Ọ̀sán méjì ni mo fi wọn ọkọ̀ náà pẹ̀lú téèpù: gíga wíńdò, àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti táyà, ìnípọn òrùlé, ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà gan-an. Mo ya fọ́tò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti yà á, nítorí bí a bá súnmọ́ ọkọ̀ ju bó ti yẹ lọ, apá tí ó kọjú sí wa a máa tóbi jù, apá kejì a sì máa sún kúrú, ìwọ̀n tí a bá mú láti inú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò lè tọ́.

Mo fi irin tí a fi ń lu ihò lu orí ìṣó àpapọ̀ tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ kékeré náà títí tí ara fi yọ kúrò lórí ìsàlẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi oògùn tí àwọn akunmọ́tò fi ń bó ọ̀dà bó ti ara rẹ̀ ní ìta gbangba, mo sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Irin tí a fi ń ṣe irú ọkọ̀ yìí, tí síńkì pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò le bí irin dúdú, nítorí náà ayùn irin kékeré tó láti gé e lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ohun tí mo fi dí àlàfo náà ni ó fa ọ̀rọ̀.

Bídọ́ọ̀nù òyìnbó aláwọ̀ yẹ́lò ni mo kọ́kọ́ gé, irú èyí tí wọ́n fi ń ta epo bẹntiróòlù lẹ́bàá títì, nítorí ó nípọn dáadáa, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Gúlù líle, èyí tí ó máa ń mú kíákíá, kò mú un. Mo fi bébà oníyanrìn họ ọ́ kí ó lè mú, ó dúró di ọjọ́ kejì, mo fọwọ́ kàn án, ó sì bọ́ sílẹ̀ lódindi. Irú ike yẹn, tí ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n fi ìda pa á lára, kì í jẹ́ kí gúlù wọ òun. Ike tí ó dára fún iṣẹ́ wa ni èyí tí ó máa ń dún kàkà tí a bá ṣẹ́ ẹ: ago yọ́gọ́ọ̀tì tí ó le, àti páálí ike tí wọ́n fi ń kó sídíì sí. Láti inú páálí sídíì ni gbogbo wíńdò ọkọ̀ mi ti wá. Ẹ má ṣe fi gúlù líle lẹ wíńdò o, nítorí èéfín rẹ̀ máa ń fi funfun bo ike tó mọ́ náà, kò sì rọrùn láti mú un kúrò. Gúlù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí ẹ fi sí i, ó máa ń gbẹ di aláìláwọ̀.

Mo fi màsítíìkì, ohun tí àwọn akunmọ́tò fi ń dí ihò ara ọkọ̀, bo oríkèé gbogbo, mo sì fi bébà oníyanrìn họ ọ́ títí tí ìka kò fi mọ ibi tí irin parí sí. Ọ̀dà funfun tí mo fọ́n sí i ní oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀, gba omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ṣú bí ẹni pé wọ́n fi eérú fọ̀ ọ́. Mo họ ọ́ kúrò, mo sì dúró di oṣù Kejìlá kí n tó fọ́n òmíràn, ní ọ̀sán tí oòrùn mú, nínú àpótí páálí tí mo da omi sí ilẹ̀ rẹ̀ kí eruku pupa ọyẹ́ má baà fò.

Gàlérì orí rẹ̀, ìyẹn irin tí wọ́n ń di ẹrù sí lórí òrùlé, ni mo fẹ́ràn jù láti ṣe. Irin ti gidi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀, èyí tí ó fi di mílímítà 1 lórí ọkọ̀ mi, wáyà bàbà tí a bó láti inú okùn iná sì nípọn tó bẹ́ẹ̀. Mo fi òjé jó o pọ̀, mo ran àpò kékeré mẹ́fà láti inú aṣọ ìnujú, mo kó iyẹ̀fun sínú wọn, mo sì fi òwú dì wọ́n mọ́ orí.

Nígbà tí mo gbé e fún bàbá mi, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n sì yí i po lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Ó jọ ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èwo ni ó fi gbé ìdí sókè báyìí tòun ti ẹrù lórí? Sípríìngì méjì-méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, síbẹ̀ tí ẹrù bá ti kún ní Kétu, ìdí rẹ̀ á wálẹ̀.”

Mo béèrè pé, “Báwo ni ó ṣe máa ń wálẹ̀ tó, bàbá?” Wọ́n na ìka mẹ́ta níbùú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo wọn ìka mẹ́ta wọn pẹ̀lú téèpù. Ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 àti mílímítà 8, ìyẹn ni mílímítà 2 lórí ọkọ̀ mi. Mo tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo họ ibi tí ọ̀pá táyà ẹ̀yìn jókòó sí ní mílímítà 2, mo sì tún un tò.