Bí òbí tó ń dá ọmọ tọ́ ṣe lè lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà láì tọrùn bọ gbèsè

Ọmọ ọdún 36 ni mí nígbà tí mo padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, pẹ̀lú ọmọ méjì àti iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bàbá wọn ò sí nítòsí. Ọ̀pọ̀ wa tó ń ṣe CNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, níbí lọ́rọ̀ yìí bá wí: a fẹ́ di nọ́ọ̀sì, àmọ́ bá a bá ti gbọ́ iye tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbà, ọkàn wa á domi. Owó ìrànwọ́ wà. Ibi tí èèyàn ti kọ́kọ́ béèrè ló ṣòro mọ̀.

FAFSA ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, kẹ́ ẹ tó yan ilé-ìwé, kẹ́ ẹ tó yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ni, orí studentaid.gov ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Èmi ò mọ̀. Mo san $120 fún ẹnìkan tó ní iṣẹ́ òun ni, ó sì kọ òdo síbi tí wọ́n ti béèrè iye ọmọ tí mò ń bọ́. Òdo! Àwọn méjèèjì ń jà sí rìmóòtù lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń wò ó lórí fóònù. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń tún un ṣe.

Ìlà tó fi òdo sí yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá ti pé ọdún 24, tàbí tó ní ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ ń bọ́, wọn ò ní béèrè owó tí òbí rẹ̀ ń gbà. Òfin sì tún ro ti òbí tó ń dá ọmọ tọ́: bí owó tó ń wọlé fún un ò bá ju ìlọ́po 2.25 ìwọ̀n tí ìjọba ń pè ní ìlà òṣì lọ, Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó, èyí tó ga jù lọ nínú rẹ̀ ló tọ́ sí i. Fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025–26, $7,395 ni, a kì í sì í dá a padà. Ẹni tí kò bá kàwé full-time, tirẹ̀ á dín. Oní-green card lè gbà á. Ẹni tó wà lórí físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, kò lè gbà á.

Owó orí ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń wò. Bí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ yín láti ìgbà náà, ẹ mú ìwé ẹ̀rí lọ sí financial aid office, ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ ní ilé-ìwé yín, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tún un wò. Wọ́n láṣẹ láti ṣe é.

Pàkúté kan wà fún àwa tá a ti kàwé nílé. Ẹni tó bá ti gba B.Sc. tàbí B.A. ní Nàìjíríà, Pell ò tọ́ sí i mọ́, ì báà jẹ́ Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn ló ti gbà á. Ẹ má fi pamọ́. Irọ́ orí fọ́ọ̀mù ìjọba lè di ẹjọ́. Ibi iṣẹ́ ni kí irú wọn sáré lọ. Òfin gba agbanisíṣẹ́ láyè láti san tó $5,250 lọ́dún lórí ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ láì yọ owó orí níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń san án, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń san án. Kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ bi HR, ọ́fíìsì tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, bóyá ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ san kí wọ́n tó dá a padà fún yín, àti oṣù mélòó lẹ gbọ́dọ̀ bá wọn ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà.

Ní ti ilé-ìwé, community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ọlọ́dún méjì, ni mo fara mọ́. Ní Tennessee àti Michigan, ètò Reconnect ń san owó ẹ̀kọ́ àgbàlagbà tí kò tíì gba dìgírì ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ìpínlẹ̀ yín ní.

Ó wá ku ọmọ, ibẹ̀ lowó ti ń jò jù. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ń gba owó CCAMPIS lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ láti fi dín owó daycare kù fún akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ́mọ. Ẹ dárúkọ rẹ̀ gan-an, tórí wọn kì í sábà fẹnu ara wọn sọ ọ́. Ẹ gbé rìsíìtì daycare dání, kí wọ́n fi kún ìṣirò iye tí ẹ̀kọ́ máa ná yín. Ní ti oúnjẹ, SNAP, ìrànwọ́ oúnjẹ tí ìjọba ń fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, kì í sábà jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ òbí tó ń dá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 tọ́, tó sì ń kàwé full-time, òfin yẹn ò dí i lọ́nà, bí owó tó ń wọlé fún un ò bá ti pọ̀ jù. Ìrẹsì àti ẹ̀wà rẹ̀ la fi gbé sáà mẹ́ta.

Bó bá ṣì ku díẹ̀, ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, kì í ṣe ti báńkì.

Ẹ má sì kó iṣẹ́ ẹ̀kọ́ jọ ju agbára lọ. Ẹni tó bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sáà tó pé, wọ́n lè ní kó dá lára owó ìrànwọ́ náà padà, títí kan Pell. Nínú oṣù kẹta ọdún kan, àìsàn dá àbúrò nínú àwọn ọmọ mi dúbúlẹ̀, mo sì lọ sọ ní office pé mi ò ṣe mọ́. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò wàásù fún mi, kàlẹ́ńdà ló yí sí mi. Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí n kọjá ìlà yẹn, ṣé mo lè rí ẹni bá mi mú ọmọ? Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Houston. Alẹ́ ọjọ́ náà ló wọ bọ́ọ̀sì.