Bí A Ṣe Ń Yan Tẹlisíkóòpù Ńlá Àkọ́kọ́ fún Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì lítà 20. Ẹ gbé e láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ tún gbé e wọlé. Bí ẹ bá ṣe é tán tí ẹ kò dọ́wọ́ ti ìbàdí, ẹ ti yege ìdánwò àkọ́kọ́. Omi yẹn wọn kílò 20, tẹlisíkóòpù onínṣì 8, ìyẹn awò ojú ọ̀run tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 8, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Ẹrù tí ẹ ó máa gbé nìyẹn ní gbogbo alẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan kò wọn agbára wọn wò kí wọ́n tó ra onínṣì 12. Fìlà ni wọ́n ń fi kọ́ ọ báyìí ní pálọ̀.

Ẹ wọn ẹnu rẹ̀, ẹ má wo ariwo ara páálí

Ọ̀pọ̀ páálí tẹlisíkóòpù olówó pọ́ọ́kú ló ń pariwo pé òun lè sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525. Ẹ wá wo ẹnu rẹ̀: mìlímítà 60 péré. Ìlọ́po méjì fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan ni ibi tó wúlò mọ, nítorí náà 120 ni tiẹ̀. Èyí tó bá lé lórí 120 dà bí ìgbà tí ènìyàn bu omi la ọbẹ̀: ìkòkò kún, adùn ti lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ni tẹlisíkóòpù ń gbà jọ. Ẹ gbé ife àti báàfù sínú òjò kan náà, ẹ ó rí èyí tí yóò gba omi jù. Nínú òkùnkùn biribiri, ọmọlójú ènìyàn kì í sábà fẹ̀ ju mìlímítà 7 lọ. Dígí onínṣì 8 fẹ̀ tó mìlímítà 203, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà sì ju ti ọmọlójú yẹn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 800. Bí ẹ bá gòkè sí ínṣì 10, ẹ ó rí ìdajì ìmọ́lẹ̀ náà lé e, àti díẹ̀ sí i. Ti ínṣì 12 ju ìlọ́po méjì ti ínṣì 8 lọ, ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀rọ̀ fìlà.

Ẹ yan èyí tó jókòó sórí àpótí

Oríṣi méjì ni ẹ ó máa bá pàdé jù lára àwọn onídígí ńlá. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti irin tí a gbọ́dọ̀ kọjú rẹ̀ sí ìràwọ̀ àríwá kó tó lè bá àwọn ìràwọ̀ yí lọ dáadáa. Èkejì ni Dobsonian: páìpù kan tó ní dígí ńlá nísàlẹ̀, tó jókòó sínú àpótí pátákó, tí ẹ ó máa fọwọ́ tì sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò. John Dobson ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tó wà ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Vedanta ní San Francisco ló ti ń fi gíláàsì ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú omi àti páálí róbótó ṣe tirẹ̀. Ní 1968, òun àti àwọn kan dá ẹgbẹ́ Sidewalk Astronomers sílẹ̀, wọ́n ń gbé awò wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹni tó ń kọjá lè wo Òṣùpá lọ́fẹ̀ẹ́.

Dobsonian ni mo fara mọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nílẹ̀ Yorùbá, ìdí rẹ̀ kò sì jẹ mọ́ owó nìkan. Ìràwọ̀ àríwá kì í ga ju bí ìlú ẹni ṣe jìnnà sí ìlà agbede-méjì ayé lọ. Ní London, ó wà ní nǹkan bí dígírì 51. Ní Ìbàdàn, dígírì 7 ló mọ, ẹ̀yìn ògiri alábàágbé yín ló máa wà, eruku ọyẹ́ á sì tún bò ó. Àwọn irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà tí kò tilẹ̀ lè tẹ̀ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Dobsonian kò bèèrè ibi tí àríwá wà.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Níbí, Júpítà àti Sátọ̀n sábà máa ń gba òkè orí wa kọjá, ibẹ̀ gan-an sì ni Dobsonian ti máa ń ṣorí kunkun: ẹ ó tì í, kò ní mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Ẹ wò wọ́n kí wọ́n tó dé òkè orí tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀san rẹ̀ pọ̀ ṣá. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà, lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ eruku kúrò, ẹ wo gúúsù: Omega Centauri wà níbẹ̀, ìràwọ̀ tó pọ̀ bí iyanrìn tí wọ́n kó jọ sójú kan. Ẹni tó wà ní London kò lè rí i láéláé, kì í yọ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ bèèrè owó ọkọ̀ kí ẹ tó sanwó ọjà

Ẹni tó bá ń rà á láti òkè òkun, irú bíi Sky-Watcher Classic 200P tàbí Apertura AD8 tí àwọn méjèèjì jẹ́ onínṣì 8, kó mọ̀ pé páálí méjì ńlá ló máa ń jẹ́. Bí ẹrù bá ṣe gba àyè tó ni àwọn agbẹ́rù òfuurufú sábà máa ń ṣírò owó, wọn kì í wo kílò nìkan. Èyí tí kò ní mọ́tò ni kí ẹ mú. Kò nílò iná, bí wọ́n bá sì mú iná lọ ládùúgbò, ojú ọ̀run á túbọ̀ dúdú. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ NEPA nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ Èkó kò dí Òṣùpá, Júpítà tàbí Sátọ̀n lọ́wọ́. Àwọn gálásì, ìyẹn ìdìpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà réré sí wa, ló ń pa rẹ́.

Ẹ ṣẹ́ owó áípíìsì sẹ́yìn

Áípíìsì ni lẹ́ńsì kékeré tí à ń fojú sí. Ẹ pín gígùn tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú tẹlisíkóòpù náà, tó jẹ́ mìlímítà 1200 nínú méjèèjì tí mo dárúkọ, sí iye mìlímítà tó wà lára áípíìsì. 25 á fún yín ní ìlọ́po 48, 10 á fún yín ní 120, 6 á fún yín ní 200. Mẹ́ta yìí tó. Tó bá ti ń lọ sí 250, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ á máa gbọ̀n lójú yín. Ẹ má ra àpótí tí wọ́n kó mẹ́wàá sí.

Alẹ́ àkọ́kọ́

Ẹ má gbé e ti yàrá tí AC ti ń fẹ́ jáde kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lójú ẹsẹ̀: dígí tútù á làágùn bí ìgò mínírà, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ẹ fi í sí ìta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ná. Ẹ wá kọjú rẹ̀ sí ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀, kí ẹ yí ìyí tó ń gbé áípíìsì wọlé-jáde títí ìràwọ̀ náà yóò fi fẹ̀ bí òrùka. Bí ihò dúdú inú rẹ̀ kò bá sí láàárín, dígí ńlá ìsàlẹ̀ àti dígí kékeré tó wà lókè páìpù kò kọjú síra wọn gééré. Ẹ máa tún ìdè ẹ̀yìn dígí ńlá ṣe díẹ̀díẹ̀. Bí eruku bá bà á, ẹ fi í sílẹ̀. Aṣọ ìnujú máa ń ha ojú dígí náà, eruku díẹ̀ kì í sì í pa á lára.

Ẹ má kọjú rẹ̀ sí oòrùn láìsí awò ààbò tó bo gbogbo ẹnu rẹ̀, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú á fọ́, kò sì ní àtúnṣe.

Nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀ tán pátápátá, tí Àgùàlà bá wà ní ìwọ̀-oòrùn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi áípíìsì 25 wò. Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó bá ń sún mọ́ wa kó tó pa mọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ẹ ó rí i pé ajá náà ti tẹ̀ kọrọdọ, bí oṣù tuntun gẹ́lẹ́.